Ilé Ni Kí Ẹ Béèrè: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdílé Nínú Ìwé Páríìṣì ní Ìgbèríko Wales

Ẹni tó bá ní kí òun wá bàbá ńlá òun tó ń jẹ́ John Jones ní Wales kò ní pẹ́ rí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé yóò rí i ní ìlọ́po ìlọ́po. Nínú páríìṣì (agbègbè ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà) kan ṣoṣo ní ìgbèríko, tí gbogbo ará ibẹ̀ lè má ju ẹgbẹ̀ta ènìyàn lọ, ẹ lè bá John Jones mẹ́ta pàdé tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, tí ìyàwó méjì nínú wọn sì ń jẹ́ Mary. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti pa ìwé dé níbẹ̀. Àwọn mìíràn kì í pa á dé ní tiwọn: wọ́n á mú John Jones tó wù wọ́n, wọ́n á so ó mọ́ ìdílé wọn, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn á sì tún dà á kọ bí ẹni pé òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn wa ń gbé ní Cardiff, Swansea àti Newport, wọ́n ń fẹ́ ará ibẹ̀, wọ́n sì ń bímọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, tí ìyá ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ceredigion, agbègbè ìjọba (káúńtì) kan ní ìwọ̀ oòrùn Wales, ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìhà méjèèjì. Ìhà ti Ceredigion yẹn ṣeé mọ̀, ìwé rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tó bá ń tọ ipa orúkọ nìkan yóò ṣìnà. Ibi tí wọ́n ń gbé ni kí ẹ máa tọ̀.

Ohun tó fà á ni pé àwọn ará Wales àtijọ́ kò ní orúkọ ìdílé tó ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní. Orúkọ bàbá ni ọmọ ń fi tẹ̀ lé tirẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n á fi "ap" tàbí "ab" sáàárín fún ọkùnrin, wọ́n á fi "ferch" tàbí "verch" sáàárín fún obìnrin. Dafydd ap Rhys ni Dafydd ọmọ Rhys. Bí Dafydd yìí bá bí Ieuan, Ieuan ap Dafydd nìyẹn, a kò gbúròó Rhys mọ́. Àwọn ọlọ́lá tó ń bá ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì lò ló kọ́kọ́ mú orúkọ kan dúró, pàápàá lẹ́yìn tí òfin 1536 àti ti 1543 so Wales mọ́ England. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ap Rhys ṣe di Price, tí ap Hywel di Powell, tí ab Owain di Bowen, tí ap Huw sì di Pugh. Ní ìgbèríko, láàárín àwọn àgbẹ̀ àti alágbàṣe, àṣà àtijọ́ ń bá a lọ títí ó fi wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. "Ap" ti bọ́ kúrò, orúkọ bàbá ṣì wà lẹ́yìn orúkọ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Thomas bí David. David Thomas ni akọ̀wé kọ. David Thomas bí Evan. Evan David ni. Evan David wá bí ọmọkùnrin méjì lásìkò tí àṣà ti ń yí padà. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ John Evans, torí Evan ni bàbá rẹ̀. Àbúrò ń jẹ́ William Davies, torí orúkọ kejì bàbá wọn ni òun mú. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ kò bára mu, kò sì sí màgòmágó kankan níbẹ̀. Obìnrin tó wọlé ọkọ náà kò pọn dandan kó gba orúkọ ọkọ. Ẹ lè rí ìyá arúgbó tó ti lo ogójì ọdún nílé ọkọ, tí wọ́n sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Ẹni tó bá ń wá a pẹ̀lú orúkọ ọkọ á rò pé kò kú ni.

Àwa náà, tí a bá dé ìlú tí a ń wá ìdílé ẹnì kan, a kì í dúró lórí Àjàyí tàbí Àìná; agboolé la ń béèrè. Ní Wales, oko ló ń ṣe iṣẹ́ agboolé. Gbogbo oko ló ní orúkọ, títí kan ahéré alágbàṣe tí kò ju yàrá méjì lọ: Pen-y-bryn, Tŷ-newydd, Hafod. Aládùúgbò kì í sọ pé John Jones ń bọ̀. John Pen-y-bryn ló ń bọ̀. Ìdílé kan lè máa gbé oko kan náà fún ìran mẹ́ta, mẹ́rin, kí orúkọ kejì wọn máa yí padà ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ oko má sì yẹ̀. Pen-y-bryn pọ̀ ní Wales náà o, torí náà ẹ di oko àti páríìṣì mú pa pọ̀, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀

Ìwé páríìṣì kọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tó ṣì wà láyé la fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé ìjọba. Láti 1 July 1837 ni ìjọba ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ ní England àti Wales. Ìwé ẹ̀rí ìbí ń sọ orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ń sọ orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. John Jones tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Griffith, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ti yàtọ̀ sí John Jones tí bàbá rẹ̀ jẹ́ darandaran. Àtòkọ ìbí tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi orúkọ ìdílé ìyá hàn láti 1837, ẹ lè fi yẹ ọmọ wò kí ẹ tó ra ìwé ẹ̀rí rárá.

Ìwé ìkànìyàn ló tẹ̀ lé e. Ti 1841 kò ṣeé fi ara tì púpọ̀: wọ́n gé ọjọ́ orí àwọn tó ti ju ọdún 15 lọ sí márùn-ún márùn-ún, tí ẹni ọdún 39 fi di 35, wọ́n sì kàn béèrè bóyá inú káúńtì náà ni wọ́n ti bí i. Láti 1851 ni wọ́n ti ń béèrè páríìṣì tí wọ́n ti bí olúkúlùkù, ìdáhùn yẹn lẹ ń wá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló fi oko sílẹ̀ lọ wa èédú ní àfonífojì Glamorgan, ní gúúsù Wales, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orúkọ páríìṣì tí wọ́n dá fún akàniyàn lẹ́nu ọ̀nà ni yóò mú yín padà sí ìgbèríko tí wọ́n ti ṣí wá.

Orúkọ páríìṣì pàápàá lè tan ènìyàn. Llanfihangel pọ̀ láti àríwá Wales dé gúúsù, torí ẹni mímọ́ Máíkẹ́lì ni wọ́n fi sọ gbogbo wọn. Ní Ceredigion nìkan, Llanfihangel-y-Creuddyn wà, Llanfihangel Genau'r Glyn náà sì wà. Tí akàniyàn bá kọ Llanfihangel lásán, ẹ ní láti yẹ ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá ṣáájú àti ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn wò, bóyá ẹlòmíràn kọ ọ́ tán. Ìjọba sì ti tún àwọn káúńtì pín ní 1974 àti 1996. Káúńtì àtijọ́ ni kí ẹ fi máa wá ìwé.

Inú ìwé páríìṣì gan-an

Páríìṣì ni agbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ń bójú tó, pẹ̀lú gbogbo abúlé àti oko inú rẹ̀. Ní 1538, Thomas Cromwell, tó ń ṣojú Ọba Henry VIII lórí ọ̀rọ̀ ìjọ, pàṣẹ pé kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé ọdún yẹn ní ìgbèríko Wales. Ọ̀rinrin, eku àti àìbìkítà ti jẹ púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà run, ní ọ̀pọ̀ páríìṣì sì rèé, ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tàbí inú ọ̀rúndún kejìdínlógún ni èyí tó ṣẹ́ kù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń gbani ni pé àlùfáà gbọ́dọ̀ da àkọsílẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan kọ kó sì fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹ̀dà yìí wà ní Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Wales ní Aberystwyth, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló ṣáájú 1660 nínú wọn. Ojú ìwé tó ya nínú ìwé páríìṣì lè wà lódindi lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà míì, akọ̀wé ti kọ ohun kan sínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì. Níbi tí méjèèjì bá wà, méjèèjì ni kí ẹ wò.

Èdè Welsh ni gbogbo ènìyàn ń sọ, àmọ́ Látìnì tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé fi ń kọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Siôn nílé di John nínú ìwé, ó sì lè di Johannes tó bá jẹ́ Látìnì. Siân di Jane, Lowri di Laura. Ieuan lè di Evan lónìí kó di John lọ́dún tó ń bọ̀, lábẹ́ àlùfáà mìíràn. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ ènìyàn kan di méjì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló ń da orí àwọn ènìyàn rú jù. Títí di 1751, 25 March ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales. January, February àti èyí tó pọ̀ jù nínú March wà ní ìparí ọdún. Ká ní ẹ rí tọkọtaya tó ṣègbéyàwó ní 5 May 1740, tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi ọmọ wọn ní 20 February 1740. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọmọ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra. Rárá o. February yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn May náà ni. 1741 là bá pè é lónìí. Oṣù mẹ́sàn-án lé díẹ̀ ló wà láàárín wọn, ohun gbogbo sì bá ọ̀nà mu. Ìgbà tí ẹ bá ń kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, 1740/41 ni kí ẹ kọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín má bàa tún un ṣe lódì.

Òfin méjì ló mú ìwé náà sunwọ̀n. Èkíní bẹ̀rẹ̀ ní 25 March 1754. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, àwọn Quaker (ìjọ Kristẹni kan) àti àwọn Júù nìkan ni òfin yọ̀ǹda. Tọkọtaya á buwọ́ lùwé tàbí kí wọ́n fi àmì sí i, àwọn ẹlẹ́rìí náà á sì buwọ́ lù ú. Ẹ má fojú fo àwọn ẹlẹ́rìí yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tàbí àbúrò ọkọ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní 1 January 1813. Láti ìgbà náà ni ìwé títẹ̀ ti wọlé, ìrìbọmi mẹ́jọ lójú ewé kan, àyè sì wà fún iṣẹ́ bàbá àti ibi tí wọ́n ń gbé. Ibi tí wọ́n ń gbé! Ibẹ̀ ni orúkọ oko ti wọnú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Wales. Ìwé ìsìnkú náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọjọ́ orí òkú àti ibùgbé rẹ̀.

Ṣáájú 1813, tí Evan David méjì bá jáde láàárín ọdún mẹ́ta síra, kí lẹ máa ṣe? Ẹ má yan ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìwé ìsìnkú, torí àwọn ọmọdé ń kú gan-an nígbà náà. Bí ẹ bá rí Evan ọmọ David tí wọ́n sin lẹ́ni oṣù mẹ́rin, ọ̀kan ti kúrò nínú méjì. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé tí ọmọ bá kú, àwọn òbí lè tún sọ èyí tó tẹ̀ lé e lórúkọ kan náà. Tó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì dàgbà, ẹ wo orúkọ tí olúkúlùkù sọ àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń fi orúkọ bàbá àgbà àti ìyá àgbà sọ ọmọ. Àṣà ni, kì í ṣe òfin. Ó ń ti ẹ̀rí lẹ́yìn, kò tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin kan tí ilé fún lórúkọ

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lára ẹnì kan, ẹ wo John Ystumllyn. Ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni. Ìwé kankan kò dárúkọ ìlú rẹ̀, nítorí náà kò tọ́ kí ẹ̀yà kankan gbà á mọ́ra bí ẹni pé ẹ̀rí wà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tó ṣì kéré, wọ́n mú un wá sí Ystumllyn, ilé ìdílé Wynn nítòsí Criccieth ní Caernarfonshire, ní àríwá Wales, ó sì di olùtọ́jú ọgbà níbẹ̀. Robert Isaac Jones kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Welsh ní 1888, láti inú ohun tí àwọn ará àdúgbò pa mọ́. Ohun tí wọ́n ní John ń rántí ni pé ẹ̀bá odò kan nínú igbó lòun wà, tí òun ń gbìyànjú láti mú ẹyẹ, tí àwọn òyìnbó fi gbé òun lọ, tí ìyá òun sì ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú igbe.

Ẹ wo orúkọ rẹ̀ ná. Ystumllyn kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀ tàbí ti olówó rẹ̀. Orúkọ ilé ni. Ní 1768 ó fẹ́ Margaret Gruffydd, ọmọ Trawsfynydd, ní ṣọ́ọ̀ṣì Dolgellau. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wọn di ọdẹ Lord Newborough ní Glynllifon, ó sì ju ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lọ kó tó kú ní 1862. Kí ni ọmọ yẹn ń jẹ́? Richard Jones. Torí pé John ni bàbá rẹ̀, ó di Jones bí ọmọ Wales èyíkéyìí tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ John. Ẹni tó bá jókòó ti ìwé tó ń wá "Ystumllyn" ní ìran kejì kò ní rí nǹkan kan, ẹni tó bá sì rí Richard Jones nìkan nínú ìwé kò ní mọ̀ pé ọmọ ẹni tí wọ́n jí gbé láti ilẹ̀ Adúláwọ̀ ló rí. Mélòó nínú irú wọn ló wà lábẹ́ orúkọ Jones àti Williams ní Wales títí dòní? Ìbéèrè yẹn ń dùn mí.

Òkúta ibojì John wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Ynyscynhaearn, pẹ̀lú ewì Welsh lára rẹ̀. Òkúta náà ní 1791 ló kú. Àmọ́ 1786 ló kú ní tòótọ́. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n gbé òkúta náà sí i. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Tí ṣọ́ọ̀ṣì kò bá mọ̀ wọ́n

Ó ṣeé ṣe kí ẹ wá gbogbo ìrìbọmi páríìṣì kí ẹ má rí ìdílé yín. Ọ̀pọ̀ ará Wales ti fi ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sílẹ̀ fún àwọn ìjọ mìíràn: Mẹ́tọ́díìsì ti Calvin, Indipẹ́ńdẹ́ǹtì, Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí ìjọba ka àwọn olùjọsìn ní ọjọ́ Ìsinmi 30 March 1851, nǹkan bíi mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn tó wá jọ́sìn ní Wales ló jẹ́ ti àwọn ìjọ wọ̀nyí. Àwọn Onítẹ̀bọmi kì í sì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, ẹ má wá ohun tí wọn kò ṣe. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ nínú ìwé àwọn ìjọ yìí sílẹ̀ lẹ́yìn 1837, wọ́n wà ní Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba ní Kew, ní London. Síbẹ̀, láàárín 1754 sí 1837, àwọn náà gbọ́dọ̀ lọ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì páríìṣì, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n sì sábà máa ń sin wọ́n sí. Ìgbéyàwó ni kí ẹ fi wá wọn.

Àwọn ìwé mìíràn wà tí àwọn olùwádìí tuntun kì í rántí, bẹ́ẹ̀ wọ́n dùn ju ìrìbọmi lọ. Ilé Ìkàwé ní Aberystwyth ti gbé wíìlì (ìwé ìpíngún) tó lé ní 190,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tí ilé ẹjọ́ ìjọ fọwọ́ sí ṣáájú 1858. Wíìlì àgbẹ̀ kan lè dárúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ọkọ wọn, kó sọ ẹni tó máa gba màlúù, ẹni tó máa gba ìbùsùn, ẹni tó máa gba ìkòkò irin. Máàpù ìdámẹ́wàá náà wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: lẹ́yìn òfin 1836 tó sọ ìdámẹ́wàá di owó, wọ́n wọn ilẹ̀ páríìṣì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ onílẹ̀, ẹni tó ń gbé orí rẹ̀, orúkọ pápá kọ̀ọ̀kan àti iye éékà rẹ̀. Ẹ lè fi ìka yín lé oko bàbá ńlá yín.

Àwọn aláìní kì í ní wíìlì, ìwé àwọn alábòójútó aláìní ló mọ̀ wọ́n. Lábẹ́ òfin 1662, páríìṣì tí ènìyàn jẹ́ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Tí alágbàṣe bá ṣubú lulẹ̀ ní páríìṣì ẹlẹ́ni, wọ́n á mú un wá síwájú adájọ́, wọ́n á béèrè ibi tí wọ́n ti bí i àti ibi tó ti ṣiṣẹ́ fún odidi ọdún kan, wọ́n á sì kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Fún ọmọ tí wọ́n bí láìsí ìgbéyàwó, ìwé ìrìbọmi lè má dárúkọ bàbá, àmọ́ páríìṣì á wá a rí kí ó lè sanwó oúnjẹ ọmọ, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú ìwé ìdúró tí wọ́n mú un buwọ́ lù.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì fúnra yín bí ó bá ṣeé ṣe. Òkúta ibojì ní Wales sábà máa ń kọ orúkọ oko tẹ̀ lé orúkọ òkú. "Er cof am" ni ìrántí ẹni náà, "ei wraig" ni ìyàwó rẹ̀, "a fu farw" ni ó kú, "mlwydd oed" ni iye ọdún tó lò láyé. Ẹ lọ ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn, lẹ́tà tó ti fẹ́ parẹ́ á hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ òkúta náà, ẹ má sì da kẹ́míkà sí i. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wádìí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìtàn ìdílé káúńtì náà. Wọ́n ti da ọ̀rọ̀ ara ọ̀pọ̀ ibojì kọ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, títí kan àwọn òkúta tí kò ṣeé kà mọ́ lónìí.